Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ̀ka Kejì Bẹ̀rẹ̀? Ohun Tí Géèmù Civilization Fi Yé Mi ní Ìjẹ̀gùn

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Ìkọ̀tún bọ̀ ní Ìjẹ̀gùn, ẹ kú sùúrù gósíló. Ẹ di fóònù yín mú dáadáa, ẹ ṣáà mọ ojú fèrèsé dáńfó. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, jẹnẹ́rétọ̀ aládùúgbò mi ni. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀.

Inú voice note kan ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá. Arábìnrin kan tó ń ta shawarma ní Ìkọ̀tún ló fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ géèmù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn." Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ojú títì gan-an. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì wà nílẹ̀ tó fẹ́ gbà á. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún méjì ló fi kó o jọ. Ó ní kí òun sanwó, àbí kí òun jẹ́ kó lọ?

Ẹ gbọ́, èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nípa owó. Géèmù ni mò ń gbá, èmi náà sì ti fi owó gidi ṣe irú àṣìṣe tí arábìnrin yìí ń sá fún. Nítorí náà mo máa fi géèmù bẹ̀rẹ̀, mo máa wá sọ tèmi.

Civilization IV jáde lọ́dún 2005. Firaxis ló ṣe é. Lọ́dún 2007 ni wọ́n gbé àfikún kan jáde tí wọ́n pè ní Beyond the Sword, inú àfikún yẹn sì ni ọ̀rọ̀ corporation ti wọlé, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí èèyàn lè dá sílẹ̀, kó sì máa ya ẹ̀ka rẹ̀ sí ìlú kan dé òmíì. Ẹni tí kò gbá a rí náà lè ti gbọ́ orin rẹ̀: Baba Yetu, èdè Swahili ni, Christopher Tin ló gbé e kalẹ̀, òun sì ni orin géèmù àkọ́kọ́ tó gba Grammy, lọ́dún 2011. Ẹ má wá a lórí fóònù o, kọ̀ǹpútà ló wà fún. Ṣùgbọ́n géèmù àgbà ni, láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti ń mí ìmí ìkẹyìn máa gbé e.

Bó ṣe rí nìyí. Ìwọ ni olórí orílẹ̀-èdè kan. Èmi, Mansa Musa ti Mali ni mo máa ń mú, torí ó mọ owó í pa. O máa tẹ ìlú dó, o máa kọ́ ọjà, o máa wá ìmọ̀, títí o fi máa dé ìgbà réluwéè àti ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn lo máa lè dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Méje ni wọ́n. Sid's Sushi máa ń lo ẹja, alákàn àti ìrẹsì, ó sì máa ń fún ìlú ní oúnjẹ àti àṣà. Mining Inc. máa ń lo irin, bàbà, èédú, wúrà àti fàdákà, ó sì máa ń fún ìlú ní agbára láti kọ́ nǹkan kíákíá. Àwọn tó kù náà ní tiwọn, ẹ jẹ́ ká fi méjì yìí ṣe.

Owó ti ń jáde kí èrè tó wọlé. Láti dá Sid's Sushi sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní Great Merchant, gbajúmọ̀ oníṣòwò kan, tí o máa lò tán síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn kan náà, ká ní o rán an lọ sí ìlú òkèèrè láti lọ ṣòwò, ó máa kó owó rẹpẹtẹ bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà iléeṣẹ́ rẹ ti jẹ ọ́ ní gbèsè kó tó ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, bí o bá fẹ́ ya ẹ̀ka sí ìlú kan, o máa kọ́kọ́ ṣe Executive, ìyẹn aṣojú iléeṣẹ́. Àkókò ìlú rẹ lo máa fi ṣe é. Bí aṣojú bá débẹ̀, o tún máa san owó kí wọ́n tó jẹ́ kó fìdí múlẹ̀. Bí ìlú náà kò bá sì ní ẹyọ kan lára ohun tí iléeṣẹ́ náà ń lò, kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ibi tó ti ń mú àwa ọmọ tuntun rèé. Olú iléeṣẹ́ máa ń gba owó lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, níbikíbi tí ẹ̀ka náà bá wà láyé. Èèyàn á wá rò ó pé, ah, bí ẹ̀ka bá ṣe pọ̀ tó lowó ṣe máa pọ̀ tó. Á tú aṣojú síta bí ẹni ń pín ìwé ìpolówó ìbò. Lẹ́yìn bíi ìyípo mẹ́wàá, àpò ìjọba á gbẹ, ìwádìí ìmọ̀ á dúró, àwọn ọ̀tá á sì ti ní ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ìwọ ṣì ń yìnbọn ṣakabùlà.

Kí ló fà á? Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní owó ìtọ́jú tirẹ̀, ìlú tí ẹ̀ka wà ló sì ń san án. Bí o bá ṣe ní irin àti bàbà tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á ṣe máa mú nǹkan jáde tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́jú rẹ̀ á ṣe máa gun òkè. Géèmù náà tún ní ọ̀wọ́ngógó owó nínú: bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, gbogbo ìnáwó ń wọ́n sí i, bí o tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ tí o kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó ṣe géèmù yìí, àfi bíi pé ó ti gbé Èkó rí.

Ìgbà wo wá ni èmi máa ń ya ẹ̀ka? Mo kọ́kọ́ máa ń wo olú iléeṣẹ́. Owó tó ń wọ ibẹ̀, ilé ọjà, bánkì àti Wall Street tó wà nínú ìlú yẹn ló máa sọ ọ́ di púpọ̀. Bí mo bá gbé olú iléeṣẹ́ sí ìlú tí kò ní ìkankan nínú wọn, owó tó bá wọlé ò ní lé kankan, bó ṣe wọlé náà ló máa wà. Nítorí náà, kí n tó rán aṣojú ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde, ilé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti gún. Lẹ́yìn náà mo máa yí òfin ìṣòwò padà sí Free Market, torí ó máa ń gé ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú owó ìtọ́jú iléeṣẹ́. Ilé ẹjọ́ nínú ìlú tí mò ń lọ tún máa ń gé ìtọ́jú náà sí ìdajì. Ẹni tó bá ya ẹ̀ka kó tó kọ́ ilé ẹjọ́ ń san ìlọ́po méjì fún ohun kan náà.

Èyí tó pẹ́ kó tó yé mi nìyí: kí ni ìlú yẹn máa fi ohun tí ẹ̀ka bá mú wá ṣe? Bí Sid's Sushi bá gbé oúnjẹ lọ sí ìlú tí inú àwọn ará ibẹ̀ ti ń bàjẹ́ nítorí pé wọ́n ti pọ̀ jù, kí ni oúnjẹ máa ṣe fún wọn? Èèyàn tó máa jókòó tí kò ní ṣiṣẹ́ ló máa fi kún wọn. Ṣùgbọ́n bí Mining Inc. bá wọ ìlú kékeré kan tó ń fi ọdún gbọọrọ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ìlú méjì lè jọra lójú àwòrán ilẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ìbùkún, kí èkejì jẹ́ gbèsè.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Mo ní ilé géèmù kan ní Ìjẹ̀gùn níbí, PS4 mẹ́rin, bẹ́ǹṣì àti fáànù. Àwọn ọmọ tó ti iléèwé dé, àwọn ọlọ́kadà tó ń sinmi, àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń ta fóònù, gbogbo wọn ń wá gbá bọ́ọ̀lù. Ojoojúmọ́ ni mò ń rówó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, mo ní ó tó àkókò. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní Ìgandò, mo ra PS4 mẹ́rin míì àti jẹnẹ́rétọ̀, mo fi ọmọkùnrin kan síbẹ̀. Ojú mi ò kúrò lórí owó tó ń wọlé ní Ìjẹ̀gùn. Mi ò ka owó tó ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà yẹn pé èló ló ń kù lọ́wọ́ mi lóṣù lẹ́yìn epo, lẹ́yìn páàdì tó bàjẹ́, lẹ́yìn owó àwọn ọmọ àdúgbò, mi ò lè dáhùn. Èrò mi ni pé bí ọ̀kan bá mú owó wá, méjì á mú ìlọ́po méjì wá. Géèmù tí mo ti gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún ti sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì rántí. Ojú ayé yàtọ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ rántí, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí kò tó 200 náírà ní lítà kan di ohun tó lé ní 480. Jẹnẹ́rétọ̀ méjì ni mò ń bọ́. Ìjẹ̀gùn ṣì lè bọ́ tirẹ̀, torí àwọn oníbàárà ibẹ̀ mọ̀ mí, wọ́n gbà kí n fi owó díẹ̀ lé e. Ní Ìgandò, ta ló mọ̀ mí? Bí mo ṣe fi owó lé e ni wọ́n gba ibòmíì lọ. Ìjẹ̀gùn wá ń bọ́ Ìgandò. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, mo ta PS4 méjì nínú ti Ìjẹ̀gùn gangan láti san gbèsè tí Ìgandò dá sílẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ti ṣílẹ̀kùn kejì, ó sì ń jẹ ti àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń bá mi mójú tó o, oṣù méjì ni mo jẹ ẹ́ lówó. Mo ti san án báyìí, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Kì í ṣe epo nìkan ló ṣe é o. Ká ní mo ní owó oṣù mẹ́fà nílẹ̀, epo á lù mí, mi ò ní ṣubú.

Àwọn ńlá náà ti kọjá níbi tí mo kọjá. Mr Bigg's, iléeṣẹ́ oúnjẹ UAC, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní àwọn ọdún 2000, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá mú ọ lọ jẹ meat pie ní Mr Bigg's, ọ̀sẹ̀ kan lo máa fi ròyìn rẹ̀ ní kíláàsì. Wọ́n wà ní ìlú lóríṣiríṣi. Wọ́n gba àwọn onílé àti olówó láyè láti fi orúkọ Mr Bigg's ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, kí wọ́n sì máa san nǹkan padà fún iléeṣẹ́. Nínú géèmù, bíi kí o ya ẹ̀ka sí ìlú orílẹ̀-èdè ẹlòmíì ni: òun ló ń san ìtọ́jú, ìwọ lò ń gba owó olú iléeṣẹ́. Ó dùn, àbí? Ṣùgbọ́n nínú géèmù, sushi ò lè kan. Ní ojú ayé, bí ẹni tó gba orúkọ rẹ bá ta adìẹ àná ní ìlú kan, orúkọ rẹ ló máa run ní gbogbo ìlú. Lójú tèmi, ara ohun tó mú kí ìràwọ̀ Mr Bigg's wọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń bá wọn du ọjà náà pọ̀ sí i. Lọ́dún 2013, Famous Brands ti South Africa ra ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú apá tó ń ta oúnjẹ yẹn.

Ẹ tún wo OPay. Lọ́dún 2019, ọ̀kadà ORide wọn gba ìgboro kan: híhẹ́límẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, owó ọkọ̀ pọ́ọ́kú. Owó àwọn olówó òkèèrè ni wọ́n fi ń gbé wa kiri lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n ń sáré ya ẹ̀ka. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Ìkẹjà, Surulere, Eti-Osa àti Lagos Island, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2020. Àwa ní Alimosho ò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kà, ṣùgbọ́n ibi tí owó wà ni wọ́n tì. Kí ọdún náà tó dé ìdajì dáadáa, Kòrónà ti wọlé, nígbà tó sì di oṣù keje, OPay ní àwọn ti dá ORide dúró. Ẹni tó ń gbá Civ mọ èyí: State Property. Bí olórí ìlú kan bá yí òfin rẹ̀ sí State Property, gbogbo ẹ̀ka iléeṣẹ́ tó wà níbẹ̀ á kú lọ́jọ́ kan náà. Bó bá sì jẹ́ Mercantilism ló mú, tàwọn àjèjì nìkan ló ń kú. Nàìjíríà náà ṣe irú èyí lọ́dún 1972, nígbà tí ìjọba Gowon gbé òfin jáde pé àwọn okòwò kan di ti ọmọ Nàìjíríà nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí OPay ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ jáde síta báyìí ní Ìjẹ̀gùn, ẹ ka agbòòrùn POS tó wà láàárín ilé yín àti ibi tí ẹ ti ń wọ ọkọ̀. Ta ló sanwó agbòòrùn? Ta ló san owó ṣọ́ọ̀bù? Ta ló jókòó sínú oòrùn? Kì í ṣe OPay, kì í ṣe Moniepoint. Ìyá ìbejì tó wà ní ìkóríta ni. Ìtọ́jú ẹ̀ka wà lọ́rùn ẹni tó ni àga, iléeṣẹ́ ń gba tirẹ̀ lórí owó kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Adìẹ ò sì sí níbẹ̀ tó lè kan. Ìyẹn ló fi tán sí gbogbo àdúgbò tí ọ̀kadà wọn ò lè dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé mo ti ń bẹ̀rù jù. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá dúró jù náà ń pàdánù. Nínú géèmù, Sid's Sushi àti Cereal Mills jọ ń du ìrẹsì, ìlú kan ò sì lè gba àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀tá bá ti kó Cereal Mills wọ ìlú tó dára, àfi kí o bá a jà níbẹ̀, ó sì máa ná ọ sí i. Mo ti jókòó tẹtẹrẹ rí tí wọ́n gba gbogbo etíkun mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí náà mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ.

Arábìnrin wa tó ń ta shawarma, ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù, mo tún un sọ níbí kí àwọn tó kù gbọ́. Mo ní, nínú ọdún méjì yẹn, oṣù mélòó ni Ìkọ̀tún fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, tó san owó gáàsì, owó adìẹ, owó ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, tó sì san owó iṣẹ́ ìwọ fúnra rẹ, tí nǹkan tún ṣẹ́ kù? Ó dákẹ́. Ó ní òun kì í san owó iṣẹ́ fún ara òun. Mo ní, àní o ò tíì mọ iye tí ẹ̀ka kan ń ná ọ. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹlòmíì lo máa sanwó fún láti ṣe ohun tí ìwọ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìkọ̀tún.

Mo tún bi í pé, bí o bá fi ọjọ́ mẹ́ta lọ sílé, ṣé Ìkọ̀tún máa tà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ tó wà níbẹ̀ máa ń fi máyónéèsì ṣòfò. Mo ní, ó dáa, kọ́kọ́ fi Ìkọ̀tún sílẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ gbé kúlà kan, lọ dúró ní Ẹ̀gbẹ́dá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, fún ẹni tó ni iwájú ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan díẹ̀ lójúmọ́, tà níbẹ̀ láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí Ìkọ̀tún bá dúró láìsí ọ, tí Ẹ̀gbẹ́dá sì ra ọjà láìmọ̀ ọ́, o ti ní ohun tí èmi kò ní ní 2023. Bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ò bá lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, jẹ́ kó gbé e fún ẹni tó fẹ́ gbà á. Ṣọ́ọ̀bù ò tán ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Inú rẹ̀ ò dùn sí i púpọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ní ojú títì yẹn dáa jù, pé òun ti ń rí síáìnbọ́ọ̀dù òun níbẹ̀ lójú àlá. Mo mọ bó ṣe ń ṣe é. Mo ṣì ní síáìnbọ́ọ̀dù Ìgandò nínú yàrá mi, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà.

Àná ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi: kúlà aláwọ̀ búlúù, àga oníke méjì, iná tó ń lo sólà, Ẹ̀gbẹ́dá. Shawarma mọ́kànlá ló tà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ní Ìkọ̀tún, ọmọ yẹn ta mẹ́rìndínlógún, máyónéèsì sì tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Màá jẹ́ kí ẹ gbọ́ bó bá ṣe lọ sí. Ẹ kú alẹ́ o.